Òrùka Irin Níbàdí Mùsílíù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Mùsílíù fi ṣe ìsinmi Iléyá nílé wọn n'Ísẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ ló padà wá sí Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó lọ, ihò tó gbẹ̀yìn lára bẹ́líìtì ló ń lò, ṣòkòtò sì tún ń yọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹni tó padà dé kò rí bẹ́líìtì dè mọ́ rárá, okùn ló fi so ṣòkòtò. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ náà gbéra sókè bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo ará ilé jáde wá kí i. Wọ́n ní ìsinmi yẹ ẹ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ ń dán. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ó ti wá jọ ọ̀gá báyìí. Mùsílíù ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa ikùn, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ má bú u o. Ta ni wọ́n máa sọ fún pé ó jọ ọ̀gá tí inú rẹ̀ kò ní dùn?

Kaothar ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn yìn ín. Télọ̀ ni Kaothar, iṣẹ́ aṣọ Iléyá ló dá a dúró sí Èkó tí kò fi bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó fa téèpù yọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi yí i níkùn. Díẹ̀ ló kù kí téèpù má dé.

"Bàbá Rófíà," ó ní, "ṣé ẹ rántí pé ọ̀la lẹ ń padà síbi iṣẹ́?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mùsílíù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, kí ẹ lè mọ ohun tó pa ẹ̀rín. Ní Coconut, lójú ọ̀nà Tin Can, Alhaji Àkànó ní yáàdì kan tí wọ́n ti ń fọ táńkà tó ń gbé òróró. Ẹnikẹ́ni ló lè fọ ẹ̀yìn táńkà. Inú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ihò kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ihò náà kò sì fẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa sọ ara rẹ̀ sínú pẹ̀lú àkísà àti ọṣẹ, tí yóò máa ha òróró tó ti dì mọ́ irin. Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọmọ inú, Mùsílíù sì ni olórí wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Òun ló ń kọ́kọ́ wọlé. Bó bá wọlé, tó gbóòórùn ibẹ̀, tó ní ó dáa, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Kò nílé, kò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ táńkà kan ní Apápá tí kò mọ̀ ọ́n. Ipò yẹn nìkan ló ní láyé tó lè fi yangàn.

Alhaji Àkànó sì ní òfin kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ìsinmi dé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan táńkà títí yóò fi gba inú òrùka kọjá. Irin gidi ni òrùka yìí. Etí ihò táńkà àkọ́kọ́ tí bàbá Alhaji rà ni wọ́n gé yọ, wọ́n wá gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì bí ẹni gbé fọ́tò kọ́. Èèyàn á na ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹni méjì á gbé òrùka náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀ títí dé ilẹ̀. Bó bá kọjá, iṣẹ́ yá. Bí kò bá kọjá, kó lọ máa fọ táyà. Dáhùnsí ló fa òfin náà. Dáhùnsí lọ ṣe Kérésì nílé, ó gbé ikùn dé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kó sínú ihò táńkà, ó há síbẹ̀. Awakọ̀ kò mọ̀, ó ti ṣíná sí mọ́tò. Bí wọ́n ṣe gbé Dáhùnsí dé Ìbàdàn nìyẹn, orí àti ọwọ́ rẹ̀ níta lórí táńkà, tó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n gba òun, tí àwọn èèyàn náà ń juwọ́ padà sí i. Wọ́n rò pé òṣèlú ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ́, àwọn mẹ́rin ló ti ìsinmi dé. Mùsílíù ni àkọ́kọ́. Akpos, ọmọ Warri, tó jẹ́ igbá kejì rẹ̀, ni èkejì. Àwọn ọmọ inú méjì mìíràn tò sẹ́yìn. Alhaji Àkànó jókòó sórí àga, ó ń mu tíì. Mùsílíù nawọ́ sókè, wọ́n gbé òrùka náà lé e lórí. Ó kọjá ní èjìká. Ó kọjá ní àyà pẹ̀lú ìnira. Ó dé ikùn, ó dúró. Akpos wojú rẹ̀, ó wolẹ̀. Mùsílíù ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Ó fa èémí, ó fa ikùn wọlé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, òrùka náà sì já wálẹ̀ lójijì, ó bá a ní ìbàdí, ìdí gbà á dúró. Wọ́n ń ti irin, irin kò lọ. Èémí tán nínú rẹ̀. Ó mí sóde, ikùn padà wá, ó sì jókòó lé òrùka náà lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìyẹn ni pé kò lè lọ sókè nítorí ikùn, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ nítorí ìdí. Wọ́n da ọṣẹ sí i. Wọ́n da òróró sí i, yáàdì òróró kúkú ni, wọ́n ní òróró. Wọ́n ní kó fò. Ó fò, òrùka náà fò pẹ̀lú rẹ̀. Ni wẹ́ldà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yáàdì bá gbé iná rẹ̀ wá pé òun á gé e láàárín ìṣẹ́jú méjì. Alhaji Àkànó gbé ife tíì kalẹ̀, ó dìde.

"Ẹni tó bá fi iná kan irin yẹn," ó ní, "bàbá mi ló fi iná kàn nínú sàréè."

Wẹ́ldà pa iná.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ wá rèé. Òrùka kan ṣoṣo ló wà. Ó wà níbàdí Mùsílíù. Akpos àti àwọn méjì yòókù kò tíì gba inú rẹ̀ kọjá, wọn kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ Alhaji pé kó jẹ́ kí àwọn máa wọ táńkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣáà tẹ́ẹ́rẹ́. Alhaji ní òfin ni òfin. Ọkọ̀ ojú omi kan sì ń bọ̀ wá já òróró ní alẹ́ Sátidé, táńkà méje gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó dé. Ó dá ẹjọ́ lójú gbogbo wọn: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé. Bí òrùka bá ti bọ́ kúrò lára Mùsílíù nígbà yẹn, kó wọ táńkà àkọ́kọ́, olórí ṣì ni. Bí kò bá bọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ táńkà lọ́jọ́ yẹn ni olórí ọmọ inú títí ayé, kí Mùsílíù máa gbé òrùka náà lọ sílé, òun náà ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹnì kan béèrè bí ẹlòmíràn yóò ṣe gba òrùka kọjá bí Mùsílíù bá gbé e lọ sílé. Alhaji ní òun á ro ìyẹn tó bá di Sátidé.

Ọ̀nà ilé le lọ́jọ́ náà. Ní Coconut, agbèrò kan ní ẹrù ni òrùka náà, ẹrù sì ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Mùsílíù ní ara òun ló wà. Agbèrò ní bí gbogbo ẹrù ṣe máa ń wà lára nǹkan nìyẹn. Ó lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ irin. Oníkẹ̀kẹ́ ní àyè èèyàn méjì ló gbà. Ìyá kan tó ń ti ìsọjí bọ̀ fọwọ́ kan òrùka náà, ó ní ẹ̀jẹ́ tí wọ́n bá jẹ́ fún Ọlọ́run, kí wọ́n máa san án pẹ̀lú ayọ̀. Mùsílíù ní àmín. Kí ló tún máa sọ?

Ẹ̀yin náà á máa bi ara yín pé kí ló tiẹ̀ jẹ. Ẹ béèrè ohun tí kò jẹ. Ní Ìsẹ́yìn, nínú agbo ilé wọn, àwọn obìnrin ilé kì í fojú kékeré wo ọmọ tó bá ti Èkó dé. Bó bá rù dé, Èkó ló jẹ̀bi. Bó bá rù padà, ìyá rẹ̀ ló jẹ̀bi, wọ́n á sì sọ ọ́ títí ọdún mìíràn. Ìyá Mùsílíù kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kí oòrùn tó mú, dùndún. Lọ́sàn-án, iyán, pẹ̀lú ẹran àgbò Iléyá tó tò jọ bí bíríkì. Ìyá náà á dúró níwájú rẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, á máa wò ó títí àwo á fi mọ́. Bí Mùsílíù bá ní kí wọ́n jọ jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń fèsì: "Mo ti jẹ tèmi nídìí ààrò, ọkọ mi. Jẹun." Mùsílíù á jẹun. Tó bá jẹun tán á sùn, tó bá jí wọ́n á tún gbé e wá. Ìrìn tó jìn jù tó rìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni láti orí ẹní dé mọ́sáláṣí, mọ́sáláṣí sì fara kan ògiri ilé wọn. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mùsílíù ò tiẹ̀ rí igbá rù, irin ló rù.

Ìmọ̀ràn kún ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oníkálukú ló ní tirẹ̀. Ẹnì kan ní kó máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láàárọ̀ kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Òmíràn ní kó gbààwẹ̀ títí Sátidé. Lánlọ́ọ̀dù ní ẹ̀rù ló ń mú èèyàn rù, òun mọ̀ ọ́n lára ara òun nígbà tí òun ń lọ kóòtù, nítorí náà láràárọ̀ ló ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ láti pariwo mọ́ Mùsílíù. Eucharia ló la ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin Ìgbò ni, ó ní ilé oògùn kékeré kan lójúlé kejì, ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn lọ nínú ilé náà. Ó ní ohun tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wọlé kò ní jáde lọ́jọ́ kan. Ó ní Mùsílíù kò gbọdọ̀ febi para rẹ̀, torí ẹni tí ebi bá pa títí á jẹ ìjẹkújẹ lọ́jọ́ kẹta. Kó fi àwo kékeré jẹun. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí èbà kéré. Kó gbàgbé mínírà. Kó jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sùn dáadáa, kó sì máa rìn, ìrìn gidi, kì í ṣe ìrìn ọkọ ìyàwó. Ó ní èèyàn ò ní láti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní Sátidé. Kó fi ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì dín kù ni òrùka náà ń wá.

Kaothar rán aṣọ ńlá kan fún un láti fi bo irin náà. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni tó fi aṣọ bo abọ́ ìfọṣọ tó jí gbé.

Láti Túsídeè, Akpos àti àwọn méjì yòókù kò fi í sílẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tiwọn náà wà nínú ikùn rẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á rìn láti Ajégúnlẹ̀ dé Coconut, láti Coconut dé Marine Beach, Mùsílíù níwájú, àwọn mẹ́ta lẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó ń sin mínísítà. Bó bá bojú wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà, ẹnì kan á dúró síwájú rẹ̀. Ní Marine Beach, apẹja kan béèrè iye tí wọ́n ń ta òrùka náà, ó ní yóò dára fún ẹnu àwọ̀n. Akpos ní kó ní sùúrù di Sátidé. Nínú mọ́sáláṣí, bó bá forí kanlẹ̀, irin náà á dún gbàù, àwọn èèyàn á gbàgbé ibi tí wọ́n kírun dé. Lèmọ́mù fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé kó máa kírun lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, Kaothar fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó ní ìka kan ti lọ. Ayọ̀ gba ilé. Mùsílíù fúnra rẹ̀ ń gbọ́ bí òrùka náà ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń rìn. Ó sun oorun tó dùn. Kò mọ̀ pé ẹnì kan, orí ẹni náà ò ní gbé e síbi tó dáa, ti pe Ìsẹ́yìn lórí fóònù pé irin mú ọmọ wọn ní Èkó, ọmọ náà sì ti ń gbẹ.

Ọ̀sán Tọ́sídeè ni ìyá rẹ̀ wọlé. Ó gbé kúlà ńlá kan lérí, ó fi ọ̀kan há abíyá. Ó rí Mùsílíù tó jókòó ti àwo kékeré tí ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní ta ló fi ewé bọ́ ọmọ òun bí ehoro. Kaothar kúnlẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Eucharia dé, ó ń ṣàlàyé. Ìyá náà dá wọn lóhùn pé òun gbọ́, òun gbọ́, ó sì ń ṣí kúlà. Iyán nìyẹn. Ẹ̀gúsí nìyẹn. Ẹran àgbò tí wọ́n dín gbẹ, tó ń ta sánsán, nìyẹn. Ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ sọ òótọ́. Ta ló lè kọ̀? Mùsílíù jẹ ẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni Akpos ti ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, abeg, no chop am," ṣùgbọ́n ọwọ́ ti dé inú ọbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òrùka náà kò mì mọ́. Ìka tó lọ ti padà. Àwọn ọmọ inú mẹ́ta jókòó sí kọ́rídọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, Kaothar ká téèpù rẹ̀, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó ní òun ò wọn nǹkan kan mọ́.

Ní àárọ̀ Fúráídeè, ìyá rẹ̀ tún gbé e dé. Mùsílíù wo àwo náà, ó wo irin tó wà níbàdí rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì agbèrò ṣì wà lára rẹ̀. Ó rántí ọdún mẹ́sàn-án. Ó dọ̀bálẹ̀, bí òrùka náà ṣe jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ mọ.

"Màámi, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò jẹ."

Kò sọ ọ́ rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó bo àwo náà, ó gbé e padà sínú kúlà, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó kẹ̀yìn sí ilé. Ó dun Mùsílíù wọra. Ó rìn dé Marine Beach lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí òrùka, nítorí kó má baà rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, Kaothar sọ fún un pé òun gbé oúnjẹ fún ìyá nígbà mẹ́ta, ìyá ní òun ti jẹ tòun.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, táńkà méje ti tò sínú yáàdì. Gbogbo ará ilé ló tẹ̀ lé wọn wá. Lánlọ́ọ̀dù wá, bóyá wọ́n máa nílò ẹ̀rù. Ìyá Mùsílíù wá, ó gbé kúlà rẹ̀ dání, ó ní bí wọ́n bá tú ọmọ òun sílẹ̀ tán, kò ní rí ibi sá sí. Wọ́n fi òróró ra Mùsílíù láti àyà dé orúnkún. Akpos di òrùka náà mú lápá ọ̀tún, ọmọ inú kan dì í mú lápá òsì. Mùsílíù fa èémí. Wọ́n tì í. Ó sún, ó dúró síbi tí ìdí ti yọ jù. Wọ́n tún tì í. Kaothar ti bojú. Ìyá náà ní bísímíláì. Irin náà yọ̀ lójijì, ó já ṣubú lé ilẹ̀, ó dún gbàgà, yáàdì sì bú sí ariwo. Wẹ́ldà ń jó. Eucharia ń fi ọ̀já nu ojú. Akpos kò dúró jó; ó ti kó sínú òrùka náà, ó ti kọjá, àwọn méjì yòókù ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó tún wá há síbẹ̀.

Alhaji Àkànó wo aago rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí mẹ́sàn-án lù. Ó ní kí Mùsílíù máa gòkè. Mùsílíù mú àkísà àti ọṣẹ, ó gun àkàbà táńkà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ìgbésẹ̀ kẹta. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ṣì ni olórí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti rìn lọ síbi tí òrùka wà. Láti Tọ́sídeè ni inú ti ń bí i sí irin náà. Ó gbé kúlà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ní ṣé ohun tó ń bú oúnjẹ òun rèé. Ẹnì kan fi eré sọ pé kí Màmá náà wọ̀ ọ́ wò. Ìyá náà ní kí ló lè ṣe. Ó gbé e sókè orí, bó ṣe rí i tí wọ́n ṣe é, ó sì fi í sílẹ̀.

Òrùka náà já wálẹ̀ láti orí rẹ̀ dé ilẹ̀. Kò kan èjìká. Kò kan ìbàdí. Kò tiẹ̀ kọ́ etí ìró rẹ̀. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn.

Yáàdì rẹ́rìn-ín títí. Alhaji Àkànó lu itan, ó ní láti ayé bàbá òun, òun ò rí ẹni tó gba òrùka kọjá bẹ́ẹ̀ rí, bí Màmá bá gbà, iṣẹ́ yá lónìí. Àwọn awakọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúró láàárín òrùka, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè, apá bùbá rẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀ dé èjìká.

Mùsílíù kò rẹ́rìn-ín. Orí àkàbà ló wà, ó ń wo apá yẹn. Egungun ni, pẹ̀lú awọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bá obìnrin yìí gbé, bùbá ló rí, kò rí apá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ Ìsẹ́yìn sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ àárọ̀, òun nìkan ló jẹ ẹ́. Dùndún, òun nìkan. Iyán ọ̀sán, òun nìkan, ìyá rẹ̀ níwájú òun, ọwọ́ níbàdí. Gbogbo nǹkan ló ti wọ́n lóde, kò sì béèrè rí bí ẹran àgbò kan ṣe tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ. Ó wá ọjọ́ kan ṣoṣo tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú àwo. Kò rí i. Ojú tì í, ó sì dùn ún.

Ó sọ̀ kalẹ̀.

Alhaji Àkànó pè é, ó ní ó ku ìṣẹ́jú méje, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni olórí, òun ò yí ọ̀rọ̀ padà. Mùsílíù gbọ́. Ó na àkísà àti ọṣẹ sí Akpos. Akpos ò fẹ́ gbà á. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi rìn nítorí èyí. Mùsílíù fi àkísà sí i lọ́wọ́, ó tọ́ka sókè, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀. Ó fà á jáde nínú òrùka, ó fi í jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì kan lábẹ́ òjìji táńkà, ó ṣí kúlà.

"Màámi, ẹ jẹun."

"Mo ti jẹ tèmi, ọkọ mi."

"Níbo?"

Ìyá náà wò yíká. Kò sí ààrò kankan nínú yáàdì tó lè nawọ́ sí. Mùsílíù mú ẹran kan nínú kúlà, èyí tó tóbi jù, ó fi sí i lọ́wọ́. Ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí tí irin ti bó, ó ń wò ó. Lókè, wọ́n gbọ́ ohùn Akpos láti inú táńkà pé inú ibẹ̀ dáa, kí àwọn tó kù máa bọ̀.

Ìyá náà bù ú jẹ, ó rọra ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Ẹran yìí mà dùn," ó ní.

Àgbò Iléyá tó fọwọ́ ara rẹ̀ dín ni.